Bí Ọ̀nà Ọ̀fun Bá Fẹ́ Dí: Oúnjẹ Ẹni Tí Ó Ń Gba Ìtànṣán ní Ọrùn

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Èmi náà fẹ́ sọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí pé bí ebi bá kúrò nínú àìsàn kan tí mo mọ̀, ìdajì àìsàn náà ti rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tí jẹjẹrẹ mú ní ẹnu, ní ahọ́n, ní ọ̀nà ọ̀fun tàbí ní gògóńgò ni, tí dókítà sì ní kí ó máa lọ gba ìtànṣán. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyàwó, ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò tí yóò máa dáná fún un pẹ̀lú.

Nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì ni mí. A kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó ni àwọn ènìyàn wa ń lọ fún un. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba ìtànṣán kì í sábà sùn ní ilé ìwòsàn. Àárọ̀ ni yóò lọ, ọ̀sán ni yóò dé. Ilé ni yóò ti jẹun, ilé ni yóò ti jẹ̀rora, dìsípẹ́ńsárì àdúgbò ni yóò sì wá láti gun òṣùwọ̀n àti láti béèrè ohun tí ojú ń tì í láti bi dókítà. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó ń lé àwọn ènìyàn sá kúrò nínú ìtọ́jú. Ebi àti ọ̀fun dídùn ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: ní àkókò yìí, oúnjẹ kì í ṣe oúnjẹ lásán mọ́. Apá kan ìtọ́jú ni, bí ìtànṣán ti jẹ́ apá kan.

OHUN TÍ ÌTÀNṢÁN Ń ṢE

A kì í fi ojú rí ìtànṣán, bẹ́ẹ̀ ni kì í ta ènìyàn lára lójú ẹsẹ̀. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, wọn yóò fi ìbojú kan tí a ṣe gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ ṣe rí mú orí rẹ̀ dúró kí ó má baà mì, ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó parí. Lọ́pọ̀ ìgbà, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, tí àpapọ̀ rẹ̀ máa ń tó ìgbà 33 tàbí 35. A máa ń fún àwọn mìíràn ní òògùn jẹjẹrẹ láti inú iṣan pẹ̀lú.

Ìtànṣán ń pa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ń sun igbó, ewé iṣu ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ a rí nínú ooru náà. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nínú ẹnu àti ọ̀fun ni ewé iṣu yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ara lè dá ṣáṣá. Láti ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni ẹnu yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí egbò yóò yọ. Itọ́ yóò gbẹ, èyí tí ó kù yóò ki bí ọbẹ̀ ilá. Adùn oúnjẹ yóò lọ: ẹja yóò dà bí irin lẹ́nu, ìrẹsì yóò dà bí iyanrìn. Ohùn lè há, awọ ọrùn sì lè dúdú tàbí kí ó bó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé mọ̀ ṣáájú. Irora yìí kì í lọ ní ọjọ́ tí ìtànṣán bá parí. Ó lè le sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ẹnu gbígbẹ àti àìmọ adùn lè gba oṣù púpọ̀; ní ara àwọn mìíràn, ẹnu gbígbẹ kì í lọ tán. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò rò pé ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì rẹ̀wẹ̀sì. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.

Ẹ̀wẹ̀, kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wo ẹnu aláìsàn. Eyín tí ó bá ti bàjẹ́ gbọ́dọ̀ jáde ṣáájú, nítorí eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kàn kì í tètè jinná bí a bá yọ eyín lẹ́yìn náà. Títí láé ni yóò máa sọ fún dókítà eyín pé òun ti gba ìtànṣán rí.

Ọ̀NÀ MÉJÌ NÍNÚ Ọ̀FUN KAN

Ẹ fi ìka kan gògóńgò yín, kí ẹ gbé itọ́ mì. Ẹ ó rí i pé ó gbéra sókè, ó sì padà. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀dọ̀fóró kí oúnjẹ lè gba ọ̀nà ikùn. Nígbà tí ọ̀fun bá wú tí iṣan rẹ̀ sì rẹ̀, ilẹ̀kùn yìí kì í tètè tì mọ́. Oúnjẹ tàbí omi yóò yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ yóò sì di àìsàn tí ó lè pa ènìyàn. Bí àwọn àgbà bá ní “ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run”, ọ̀jẹun ni wọ́n ń bá wí; ṣùgbọ́n ní ti aláìsàn wa yìí, ọ̀rọ̀ náà di òótọ́ gidi.

Àmì rẹ̀ ni ikọ́ nígbà tí a bá ń jẹun tàbí mu omi, ohùn tí ó ń dún bí ẹni pé omi wà nínú ọ̀fun, èémí tí ó ń yára lẹ́yìn oúnjẹ, àti ibà tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: àwọn kan wà tí oúnjẹ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn tí wọn kì í wúkọ́ rárá. Omi lásán, tí a rò pé òun ni ó rọrùn jù, ni ó ń tètè yà lọ́nà lára ẹlòmíràn, nítorí ó ń yára ju ọ̀fun tí ó rẹ̀ lọ. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí amòye nípa gbígbé oúnjẹ mì yẹ aláìsàn wò, kí ó sì sọ bí oúnjẹ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ki tó. Bí ilé ìwòsàn kò bá sọ ọ́, ẹ béèrè.

Ní gbogbo ìgbà, kí aláìsàn jókòó dáadáa, kí ó má dùbúlẹ̀. Kí ó mú ìwọ̀n kékeré, kí ó gbé e mì tán kí ó tó mú òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má bá a sọ̀rọ̀ tàbí dá a lẹ́rìn-ín nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó jókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

ẸKỌ MÍMU LÁSÁN KÒ TÓ

Ìyàwó káfíńtà kan mú ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta ìtànṣán. Kílò 68 ni ọkùnrin náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n wa fi hàn pé ó ti di 62. Obìnrin náà ń sunkún. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ń fún un ní ẹ̀kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Abọ́ kún dẹ́múdẹ́mú ni.” Mo bi í pé ṣíbí ògì mélòó ni ó ń pò sínú abọ́ náà. Ó ní méjì tàbí mẹ́ta, kí ó lè ṣàn. Mo ní, “Ìyàwó wa, omi gbígbóná ni ẹ ń fún bàbá mu. Iṣẹ́ yín pọ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni kò pọ̀.”

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere. Ẹni tí ó bá wọn kílò 60 nílò bí 1,800 kálórì lójúmọ́ ní àkókò yìí, àti gíráàmù 72 sí 90 èròjà amáradàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà àti mílíìkì. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹ̀kọ lásán kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ohun tí mo kọ́ ìyàwó káfíńtà ni mo fẹ́ kọ́ yín:

Èkíní, ẹ fi mílíìkì se ẹ̀kọ dípò omi, tàbí kí ẹ da mílíìkì púpọ̀ sí i. Ẹ fi ìyẹ̀fun sóyà tí ó jinná dáadáa tàbí ẹ̀pà lílọ̀ kúnnákúnná sí i, kí ẹ sì jọ̀ ọ́ kí ohun líle má kù nínú rẹ̀. Ṣíbí òróró kan nínú ẹ̀kọ tàbí ọbẹ̀ ń fi agbára kún un, kò sì fi ohun tí yóò gbé mì kún un.

Èkejì, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò ní ata, tí a fi ẹyin àti ẹja tí a ti yọ eegun rẹ̀ sí, dára púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbẹ̀gìrì tí a jọ̀, ẹyin tí a sè rọ̀, ọ̀dùnkún tàbí iṣu tí a gún pọ̀ mọ́ mílíìkì, píà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n dáadáa. Àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú ń wọlé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ewédú tí ó ń yọ̀ lè yára jù fún ẹni tí oúnjẹ ń yà sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi amòye.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe dúró de ebi. Ìwọ̀n kékeré nígbà mẹ́fà lójúmọ́ sàn ju abọ́ ńlá mẹ́ta tí yóò ṣẹ́ kù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbé ata kúrò. Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ tí kò lata ń ṣe Yorùbá bí oúnjẹ ọmọdé, ṣùgbọ́n ata lójú egbò kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, oúnjẹ gbígbóná janjan, àádùn, àkàrà líle àti ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀gún tàbí èèpo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ọ̀fun yóò fi jinná. Ọtí àti sìgá gbọ́dọ̀ lọ pátápátá. Sìgá ń mú egbò ẹnu le, ó sì ń dín agbára ìtànṣán kù lára jẹjẹrẹ.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ máa wọn aláìsàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí òṣùwọ̀n kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kílò méjì bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ẹ lọ sọ fún wọn.

FÍFỌ ẸNU ÀTI ÒÒGÙN IRORA

Ẹ da ṣíbí tíì kan iyọ̀ àti ṣíbí tíì kan bekin sódà sínú lítà kan omi tí ó ti hó tí ó sì ti tutù di lọ́wọ́ọ́wọ́. Kí aláìsàn máa fi yọ ẹnu ní ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́, pàápàá kí ó tó jẹun àti lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó sì tu ú dànù. Ẹ po tuntun lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe káún, kì í sì í ṣe sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ. Èyí ni yóò jó ẹnu rẹ̀. Ẹ má ra omi ìfọnu tí ó ní ọtí nínú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ó lò. Pákò líle yóò ya egbò. Bí ẹ bá rí ohun funfun bíi wàrà dídì lórí ahọ́n tàbí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ fi han nọ́ọ̀sì tàbí dókítà. Òògùn rẹ̀ wà.

Irora kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọkùnrin pa mọ́ra. Ẹni tí ọ̀fun ń dùn kò lè jẹun, ẹni tí kò jẹun kò lè parí ìtọ́jú. Òògùn irora tí dókítà bá kọ, kí ó máa lò ó lásìkò, kí ó sì jẹ́ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Bí ó bá jẹ́ mọfín ni wọ́n kọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù orúkọ rẹ̀. Ẹ lò ó bí wọ́n ti wí, kí ẹ sì béèrè òògùn tí yóò mú ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú, nítorí mọfín máa ń fa àìrí ìgbẹ́ yà.

RỌ́BÀ ÌJẸUN KÌ Í ṢE RỌ́BÀ ÌDÁGBÉRE

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀fun káfíńtà náà kò gba omi mọ́ rárá. Dókítà ní kí wọ́n fi rọ́bà sí i ní imú kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀ dé ikùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó wá bá mi ní dìsípẹ́ńsárì, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. A kì í fi rọ́bà bọ́ ènìyàn ní imú àfi ẹni tí ó ti ń lọ. A ó mú un lọ sílé kí ó lọ sinmi.”

Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, bí ẹ bá fẹ́ rọ epo sínú ìgò tí ẹnu rẹ̀ há, kí ni ẹ ń lò?”

Ó ní, “Àrọ ni.”

Mo ní, “Bí epo bá kún tán ńkọ́? Ṣé ẹ máa ń fi àrọ sílẹ̀ lẹ́nu ìgò ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Rárá o. A ó yọ ọ́.”

Mo ní, “Àrọ náà ni rọ́bà yìí. Ọ̀fun ni ó há. Bí ó bá là, wọn yóò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú àbúrò yín lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, jẹjẹrẹ kò níí sinmi pẹ̀lú rẹ̀.”

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹrin ìtọ́jú, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nínú jẹjẹrẹ ọ̀fun máa ń yára dàgbà padà. Ìtànṣán tí a dá dúró láàárín ọ̀nà ń fún un láyè, àǹfààní ìwòsàn sì ń dín kù. Bàbá náà gbà. Wọ́n fi rọ́bà sí i, ó gba ìtànṣán rẹ̀ pé ìgbà 35, wọ́n sì yọ rọ́bà náà ní bí oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Títí di òní, ó ń fẹ́ ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ kí ẹ̀bà tó lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Oríṣi rọ́bà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ó gba imú ni a sábà ń lò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí dókítà bá rí i pé yóò pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ó lè fẹ́ fi òmíràn sí ara ikùn, èyí tí aṣọ ń bò. Bí ó bá dé ilé pẹ̀lú rẹ̀, ẹ ṣe báyìí:

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ti imú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àmì tí wọ́n fi sí i ṣì wà létí ihò imú, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò tí ilé ìwòsàn kọ́ yín, ní gbogbo ìgbà, kí ohunkóhun tó wọ inú rẹ̀. Kí aláìsàn jókòó tàbí kí ẹ fi ìrọ̀rí gbé e sókè, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ fi síríńjì fi omi mímọ́ ṣan rọ́bà náà ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má baà dí. Oúnjẹ tí wọ́n ní kí ẹ lò nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lọ oògùn kankan sínú rẹ̀ láìbéèrè, ẹ má sì da àgbo sí i. Bí ó bá wúkọ́ tàbí tí èémí rẹ̀ há, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Bí rọ́bà imú bá yọ, ẹ má ṣe tì í padà fúnra yín. Bí ti ikùn bá yọ, ẹ gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí náà gan-an, nítorí ojú ihò náà máa ń tètè pa dé.

KÍ Ọ̀FUN MÁ GBÀGBÉ IṢẸ́ RẸ̀

Rọ́bà wà fún oúnjẹ, kò sọ pé kí ọ̀fun lọ sùn. Iṣan tí kò bá ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ a máa le, a sì máa gbàgbé. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣègùn ní ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ MD Anderson ní Texas, Amẹ́ríkà, kéde ohun tí wọ́n rí lára aláìsàn 497 tí ó gba ìtànṣán ní ọ̀fun: àwọn tí wọ́n ń fi ẹnu jẹun títí ìtọ́jú fi parí, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá ọ̀fun tí a kọ́ wọn, ni gbígbé oúnjẹ mì wọn dára jù lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí amòye bá gbà á láyè, kí aláìsàn máa gbé ohun díẹ̀ mì lójoojúmọ́, ìbáà ṣe ṣíbí mélòó kan. Kí ó máa ṣe eré ọ̀fun àti ti àgbọ̀n tí wọ́n kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrọ̀rùn, àní ní ọjọ́ tí kò wù ú. Àgbọ̀n tí a kò bá là déédéé lè há títí tí ṣíbí kò fi ní lè wọlé.

ẸNI TÍ Ó Ń TỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ mi. Ẹ má ṣe rọ aláìsàn bí a ti ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Fífi ọwọ́ dé ẹnu kí oúnjẹ lè lọ kò dára fún ọmọ, ó burú jù fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ rẹ̀: inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ náà ń lọ. Ẹ má sì ṣe bá a jà pé ó kọ oúnjẹ yín. Kì í ṣe ọwọ́ yín ni kò dùn. Ẹnu rẹ̀ ni adùn ti kúrò. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń lọ lónìí, nítorí ohun tí ó lọ lánàá lè má lọ mọ́.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bí kò bá lè gbé omi mì rárá, bí ara rẹ̀ bá gbóná tó 38 lórí òṣùwọ̀n ibà, pàápàá bí ó bá ń gba òògùn jẹjẹrẹ láti inú iṣan, bí èémí rẹ̀ bá há, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lẹ́nu, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dín tí ó sì dúdú, tàbí bí òyì bá ń kọ́ ọ nígbà tí ó bá dìde.

Ẹ gé ìwé yìí kúrò, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ń kọ ìwọ̀n kílò sí. Bí kò bá wúlò nílé yín, yóò wúlò nílé aládùúgbò. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà ọ̀fun wa dí o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.